Ààrò Mẹ́ta Kì í Da Ọbẹ̀ Nù: Kí Ló Ń Jó Ẹ̀rọ Wa Lóde Àríyá?

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ti ṣe ìnáwó rí ló mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀. Kánópì ti dúró, àga ti tò, àlejò ti ń wọlé láti Abidjan àti Yamoussoukro. Olórin gba gbohùngbohùn, wọ́n tan sípíkà ńlá, orin sì bẹ̀rẹ̀. Bí ìlù bá ti dún gbì, àwọn gílóòbù abẹ́ kánópì á ṣẹ́jú. Kò pẹ́, gílóòbù apá kan á pọ́n bí ẹyin iná tó fẹ́ kú, ti apá kejì á sì mọ́lẹ̀ yòò ju bó ṣe yẹ lọ. Kí ẹnikẹ́ni tó béèrè pé kí ló dé, òórùn rọ́bà tó ń jó ti gba gbogbo òde. Ampilifáyà ti bà jẹ́. Firíìsà tí wọ́n kó omi àti ọtí sí ti dákẹ́. Tẹlifíṣọ̀n aládùúgbò tí kò tilẹ̀ wá sóde náà ti jó.

Lẹ́yìn èyí ni ẹjọ́ máa ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan á ní ọwọ́ ayé ni. Àwọn kan á ní iná ìjọba ló pọ̀ jù. Ẹni tó ni sípíkà á ní kí olóde ra tuntun fún òun, olóde á ní ẹni tó so wáyà ló jẹ̀bi, ẹni tó so wáyà á sì ti bá ẹ̀yìn jáde.

Ohun tí a fẹ́ sọ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa lónìí kò le. Lọ́pọ̀ ìgbà, irú òfò yìí kì í wá láti ọwọ́ ayé, kì í sì í ṣe pé iná pọ̀ jù láti orísun. Bí wọ́n ṣe pín iná náà lóde ni, àti wáyà kan ṣoṣo tí àwọn tó so ó kò kà sí. Bí ìdílé bá mọ ìbéèrè márùn-ún péré tó yẹ kí wọ́n bi oníṣẹ́ iná kí ọjọ́ ìnáwó tó pé, wọ́n lè yẹra fún òfò yìí, wọ́n sì lè gba ẹ̀mí là.

Bouaké, ìlú ọjà àti àríyá

Bouaké ni ìlú tó tóbi ṣìkejì ní Côte d'Ivoire. Ọ̀nà rélùwéè láti Abidjan dé ibẹ̀ ní ọdún 1912, ọjà ibẹ̀ sì ti ń pe oníṣòwò láti ilẹ̀ púpọ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Àwa ọmọ Yorùbá wà lára wọn. Ànàgó ni àwọn ará Côte d'Ivoire máa ń pè wá, ọ̀pọ̀ nínú wa tó wà ní orílẹ̀-èdè náà ló sì wá láti Èjìgbò àti agbègbè rẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Níbi tí Yorùbá bá sì wà, ìsọmọlórúkọ á wà, ìgbéyàwó á wà, wáàsí á wà, àìsùn á wà, ayẹyẹ ìsìnkú àgbàlagbà náà á wà.

Ìlú náà fúnra rẹ̀ fẹ́ràn òde. Wọ́n ń ṣe Kánífáàlì Bouaké níbẹ̀. Pápá ìṣeré Stade de la Paix, tó ń gba nǹkan bí ẹgbàá lọ́nà ogún (40,000) ènìyàn, wà níbẹ̀. Ikọ̀ Nàìjíríà ti gbá bọ́ọ̀lù ní Bouaké nígbà ìdíje ife ẹ̀yẹ Áfíríkà ọdún 1984. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, ìdíje náà tún padà síbẹ̀, Algeria, Angola, Burkina Faso àti Mauritania sì jọ figagbága.

Kì í ṣe pé ilẹ̀ náà kò ní iná. Ilé-iṣẹ́ CIE ló ń pín iná ní Côte d'Ivoire láti ọdún 1990. Dámù Kossou tó wà lórí odò Bandama ti ń pèsè iná láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, orílẹ̀-èdè náà sì ń ta iná fún Burkina Faso, Mali àti àwọn aládùúgbò mìíràn. Nítorí náà, bí ẹ̀rọ bá jó lóde wa, kí a má kọ́kọ́ wo dámù. Ẹ jẹ́ ká wo ọgbọ̀n tàbí àádọ́ta mítà tó gbẹ̀yìn, láti ibi òpó tàbí jẹnẹrétọ̀ dé abẹ́ kánópì.

Kí ni féèsì mẹ́ta?

Bí obìnrin mẹ́ta bá ń gún iyán nínú odó kan, wọn kì í sọ ọmọ odó wọn kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ti èkíní bá ń lọ sílẹ̀, ti èkejì á wà lágbedeméjì, ti ẹ̀kẹta á wà lókè. Báyìí ni iná féèsì mẹ́ta ṣe rí. Wáyà mẹ́ta ló ń gbé iná wá, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń ti iná síwá sẹ́yìn nígbà 50 láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan, ṣùgbọ́n wọn kì í tì í pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Inú ayẹyẹ ńlá ni gbogbo ayé ti kọ́kọ́ rí agbára irú iná yìí dáadáa. Ní ọdún 1891, wọ́n ṣe àfihàn iná mànàmáná ní ìlú Frankfurt, ní Jámánì. Wọ́n fa iná féèsì mẹ́ta láti ibi odò kan ní ìlú Lauffen, tó jìnnà tó kìlómítà 175, wá sí ibi àfihàn náà. Iná yìí tan gílóòbù bí ẹgbẹ̀rún kan, ó sì fa omi sókè tó ń já wálẹ̀ bí ìṣàn omi orí àpáta. Mikhail Dolivo-Dobrovolsky, ọ̀kan lára àwọn tó ṣe ẹ̀rọ iṣẹ́ náà, wà lára àwọn tó fi ẹsẹ̀ féèsì mẹ́ta múlẹ̀. Láti ìgbà náà, ọ̀nà yìí ni wọ́n fi ń gbé iná káàkiri ayé, títí dé òpó tó wà níwájú ilé wa.

Wáyà kẹrin wà pẹ̀lú àwọn mẹ́ta yìí. Níútírà là ń pè é, àwọn oníṣẹ́ iná Bouaké sì ń pè é ní *neutre*. Òun ni ọ̀nà àbọ̀. Láàrin féèsì kan àti níútírà, ẹ ó rí 220 sí 230 fólítì, èyí tí tẹlifíṣọ̀n, firíìjì àti ampilifáyà wa ń fẹ́. Láàrin féèsì kan àti féèsì kejì, ẹ ó rí 380 sí 400 fólítì. Ẹ fi ìyàtọ̀ yìí sọ́kàn, nítorí inú rẹ̀ ni gbogbo òfò tí à ń sọ yìí ti ń wá.

Àwọn àgbà ní ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Òótọ́ ni, bí ààrò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ga dọ́gba. Bí ẹrù orí féèsì mẹ́ta bá dọ́gba, tí ẹ̀rọ tí wọ́n so mọ́ wọn sì jẹ́ irú kan náà, iná tó yẹ kó gba níútírà padà á fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ara rẹ̀ rẹ́ tán. Bí ọ̀kan bá ru ẹrù tí àwọn méjì yòókù dúró lásán, ìkòkò á fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí

Ẹ jẹ́ ká mú jẹnẹrétọ̀ 30 kVA tí ìdílé kan háyà fún ìgbéyàwó. Olóde gbọ́ “30”, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ṣùgbọ́n bí jẹnẹrétọ̀ náà bá jẹ́ ti féèsì mẹ́ta, 10 kVA péré ló wà lórí féèsì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn nǹkan bí 43 ámpíà. Bí ẹni tó so ó bá kó sípíkà, firíìsà mẹ́ta àti gbogbo gílóòbù sórí féèsì kan ṣoṣo nítorí pé ibẹ̀ ló sún mọ́ ọn jù, féèsì yẹn á kún àkúnya, nígbà tí ìdá méjì nínú mẹ́ta agbára tí olóde sanwó fún kò ṣe nǹkan kan. Fóltéèjì orí féèsì tó ń ru ẹrù á wálẹ̀. Ọ̀pọ̀ jẹnẹrétọ̀ á wá fẹ́ gbé e padà sókè, ṣùgbọ́n bó ṣe ń gbé e sókè, ti àwọn féèsì tí kò ru nǹkan á máa ròkè ju bó ṣe yẹ lọ.

Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó gùn tún ń bù kún un. Bí wọ́n bá fa wáyà 1.5 mm² fún mítà 50, tí ẹ̀rọ tó wà lópin rẹ̀ sì ń gba 16 ámpíà, nǹkan bí 19 fólítì á ti sọnù sójú ọ̀nà. 230 á di 211 kí orin tó bẹ̀rẹ̀ rárá. Bí ìlù bá ti dún tí ampilifáyà sì fa iná lójijì, á tún wálẹ̀ sí i, ìdí nìyẹn tí gílóòbù fi ń bá ìlù ṣẹ́jú. Ìṣẹ́jú yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ẹ̀rọ yín ló ń sọ fún yín pé ẹrù ti pọ̀ lápá ibì kan.

Ní ti iná ilé náà, ẹ wo ohun tí ẹ gbà lọ́wọ́ CIE. Ámpíà ni wọ́n fi ń ka agbára tí ilé kọ̀ọ̀kan forúkọ sílẹ̀ fún: 5, 10, 15 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé tó gba 5 ámpíà kò lè lò ju nǹkan bí 1,100 wáàtì lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ayọ́kẹ́lẹ́ kan lásán ni ilé yẹn lè tì. A kò gbọdọ̀ ní kó fa ọkọ̀ ajágbé.

Wáyà kẹrin: bó bá já, ilé tú

Ẹrù tí kò dọ́gba burú, ṣùgbọ́n ohun tó ń jó ẹ̀rọ pátápátá ni níútírà tó já, tó tú tàbí tó jóná. Bí ẹrù kò bá dọ́gba, níútírà ló ń gbé ìyàtọ̀ rẹ̀ padà. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ òde òní, bí gílóòbù LED àti ampilifáyà, tún máa ń gba iná ní ìjá-ìjá. Àwọn ìjá wọ̀nyí kì í pa ara wọn rẹ́ nínú níútírà, ńṣe ni wọ́n ń ṣù jọ síbẹ̀. Níútírà lè tipa bẹ́ẹ̀ gbóná ju féèsì lọ. Bí wọ́n bá wá fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe é, tàbí tí wọ́n kàn lọ́ ọ pọ̀ tí wọ́n fi rọ́bà dì í, ibẹ̀ ló máa kọ́kọ́ jó.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ bó bá já? Ẹ fojú inú wò ó pé ohun èlò tó tó 4,000 wáàtì wà lórí féèsì kan, tẹlifíṣọ̀n àti gílóòbù tí àpapọ̀ wọn jẹ́ 400 wáàtì sì wà lórí féèsì kejì. Nígbà tí níútírà wà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba 230 fólítì tirẹ̀. Bí níútírà bá já, ọ̀nà àbọ̀ kò sí mọ́, àwọn méjèèjì á wà lórí ìlà kan náà, wọ́n á máa pín 400 fólítì tó wà láàrin féèsì méjèèjì. Wọn kò ní pín in dọ́gba. Èyí tó ń jẹ iná púpọ̀ á rí nǹkan bí 36 fólítì, èyí tó ń jẹ díẹ̀ á rí nǹkan bí 364. Ìdí nìyẹn tí gílóòbù apá kan fi ń kú lọ, tí ti apá kejì ń mọ́lẹ̀ yòò. Ìdí náà sì nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹ̀rọ kékeré inú ilé ló sábà máa ń kọ́kọ́ jó, kì í ṣe sípíkà ńlá tí gbogbo ayé ń fura sí.

Bó bá jẹ́ pé orí òpó àdúgbò ni wọ́n lọ fi wáyà kọ́ láìgbàṣẹ, tí níútírà sì já níbẹ̀, ilé mélòó kan tó ń lo wáyà yẹn á jọ jìyà rẹ̀. Báyìí ni ìsọmọlórúkọ ọmọ kan ṣe lè di ìjà láàrin àdúgbò.

Búlúù ti Nàìjíríà kì í ṣe búlúù ti Bouaké

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa Yorùbá ju ẹlòmíràn lọ. Ní Nàìjíríà, àwọ̀ wáyà àtijọ́ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi sílẹ̀ ṣì pọ̀ nínú ilé àti nínú ẹrù àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ: pupa, yẹ́lò àti búlúù ni féèsì, dúdú ni níútírà. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ti pa á tì. Láti oṣù kẹrin ọdún 2006, wọn kò gbà á láyè mọ́ nínú iṣẹ́ tuntun ní ilẹ̀ wọn. Ní Côte d'Ivoire, tó ń tẹ̀lé ìlànà Faransé, búlúù ni níútírà. Dúdú, àwọ̀ igi àti àwọ̀ eérú ni wọ́n ń lò fún féèsì. Èyí tó jẹ́ àwọ̀ ewé pọ̀ mọ́ yẹ́lò ni wáyà ilẹ̀, tí wọ́n ń pè ní *terre*.

Ẹ wo ewu tó wà níbẹ̀. Bí ọmọ wa kan bá gbé àpótí ìpínná rẹ̀ láti Ìbàdàn tàbí Òṣogbo wá sí Bouaké, tó so dúdú mọ́ dúdú tó sì so búlúù mọ́ búlúù, ó ti sọ féèsì di níútírà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ tó bá wà lórí àpótí náà á gba 400 fólítì lójú ẹsẹ̀. Èyí tó tún burú ni pé ẹni tó bá fọwọ́ kan wáyà tó rò pé níútírà ni lè kú síbẹ̀. Nítorí náà, kí oníṣẹ́ iná má gba àwọ̀ gbọ́. Kí ó fi mítà wọn ọ́n, wáyà kan tẹ̀lé èkejì, kí ó tó so ohunkóhun.

Púlọ́ọ̀gì náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Ti Nàìjíríà ní eyín mẹ́ta onígun, ti Bouaké sì jẹ́ roboto bíi ti Faransé. Àwọn kan máa ń gé púlọ́ọ̀gì kúrò, wọ́n á ki wáyà méjì bọ inú ihò, wọ́n á sì fi wáyà ilẹ̀ sílẹ̀ lásán. Bí iná bá wá kan irin kánópì tàbí irin pèpéle lọ́jọ́ tí òjò rọ̀, kò sí ọ̀nà tí iná náà máa gbà lọ sílẹ̀ àfi ara ọmọ tó bá fọwọ́ kan irin.

Ìbéèrè márùn-ún kí ẹ tó sanwó

Ẹ kò ní láti di oníṣẹ́ iná. Ẹ kàn pe ẹni tó máa so iná, kí ẹ bi í léèrè níwájú ẹni tó ni sípíkà:

1. “Gbogbo ohun tí a máa lò, wáàtì mélòó ni?” Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé: sípíkà, firíìsà, fáànù, gílóòbù, ẹ̀rọ gbígbóná omi. Bí kò bá lè ṣe ìṣirò yìí, ẹ wá ẹlòmíràn.

2. “Báwo lo ṣe máa pín in sórí féèsì mẹ́ta?” Ìdáhùn tó dára ni pé sípíkà á wà lórí ọ̀kan, firíìsà lórí èkejì, gílóòbù àti fáànù lórí ẹ̀kẹta, kí ó sì fi ìṣirò hàn pé wọ́n sún mọ́ ara wọn.

3. “Níútírà ńkọ́?” Kò gbọdọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ju féèsì lọ, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n kàn lọ́ pọ̀. Bí wọ́n bá ń so okùn jẹnẹrétọ̀, wáyà ilẹ̀ ni wọ́n ń kọ́kọ́ so, níútírà tẹ̀ lé e, kí féèsì tó kàn. Bí wọ́n bá ń tú u, níútírà àti ilẹ̀ ló ń gbẹ̀yìn. Jẹnẹrétọ̀ sì gbọdọ̀ wà ní pípa kí wọ́n tó so ó tàbí kí wọ́n tó tú u.

4. “Ṣé *disjoncteur différentiel* wà nínú àpótí rẹ?” Ẹ̀rọ kékeré yìí máa ń já iná bí iná bá ń jò lọ síbi tí kò yẹ, bíi ara ènìyàn. Ti 30 mílíámpíà ni kí ẹ béèrè.

5. “Ṣé o ti fi mítà wọn gbogbo ihò kí ẹnikẹ́ni tó ki púlọ́ọ̀gì bọ̀ ọ́?” Ẹ ní kó ṣe é lójú yín. Bí mítà bá fi 220 sí 230 hàn, ó dára. Bó bá fi ohun tó sún mọ́ 400 hàn, kí ẹnikẹ́ni má so nǹkan mọ́ ọn.

Tó bá jẹ́ iná CIE lẹ fẹ́ lò fún òde ńlá, ẹ lọ sí ọ́fíìsì wọn ṣáájú ọjọ́ náà, kí ẹ sọ iye tí ẹ máa lò. Kí ẹnikẹ́ni má gun òpó fún yín.

Bí gílóòbù bá ṣàdédé mọ́lẹ̀ yòò

Ẹ má dúró kí orin parí. Kí ẹni tó sún mọ́ jẹnẹrétọ̀ tàbí *disjoncteur* ńlá pa á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì gbogbo ẹ̀rọ. Ẹ kó àwọn ọmọdé kúrò nítòsí wáyà àti irin pèpéle. Bí ẹnì kan bá ti fara kó iná, ẹ má fọwọ́ kàn án títí iná á fi kú. Kí wọ́n tó tan iná padà, oníṣẹ́ iná gbọdọ̀ rí ibi tí níútírà ti já. Bó bá kàn ní “ẹ tún gbìyànjú ẹ̀”, ẹ má gbà fún un.

Ẹ wo iye tí a ń ná lórí aṣọ ẹbí, ẹran àti olórin. Owó oníṣẹ́ iná tó mọṣẹ́, tó ní mítà, tó sì ní àpótí tó péye, kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, kò sì tó owó firíìjì kan tí a máa san fún aládùúgbò. Bí ẹ bá ń ṣe ìpàdé ìnáwó tó ń bọ̀, tí ẹ ń pín iṣẹ́ fún ẹbí, ẹ yan ẹnì kan tí iná á jẹ́ iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹ fún un ní ìwé tí ìbéèrè márùn-ún yìí wà nínú rẹ̀, kí ó sì gba ìdáhùn wọn kí ẹ tó fi owó ìdúró lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.